Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìwádìí lóríṣiríṣi. Èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́, mo sì ti wọ ọdún àṣekágbá. Wọ́n ní kí kálukú lọ wá olùkọ́ tí yóò bójú tó project rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn mẹ́ta. Olùkọ́ àkọ́kọ́, ìṣirò ló kún ojú pátákó wọn, n kò tilẹ̀ rí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Ìkejì ní àwọn ń lọ ya fọ́tò lóko kòkó kan lọ́nà Iléṣà lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣe mí bíi kí n tẹ̀ lé wọn. Ìkẹta ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, bàbá mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì, bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe?" N kò rí èsì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni gbogbo èyí ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, èwo ni kí n sì mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun. Ka èsì yìí sétí bàbá, torí ìbéèrè wọn ló bọ́ sójú ọ̀nà jù, ọgbà wọn náà ni mo sì máa fi dáhùn. Ọkọ̀ kan wà nílẹ̀. Onírẹwáyà ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń lu bọ́dì wà lẹ́yìn. Onírẹwáyà ò ní gbà pé iṣẹ́ òun ti parí àfi tí iná bá tàn. Oníẹ́ńjìnì, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Alùbọ́dì, ọwọ́ ló fi máa pa ara ọkọ̀ náà kó tó dá a lójú. Ohun tí kálukú wọn ń pè ní ẹ̀rí yàtọ̀ síra.

Bó ṣe rí ní ẹ̀ka yín náà nìyẹn. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gan-an ti fi hàn nínú oyè tó ń fún ọmọ: àwọn kan ń gba oyè kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ìṣirò, àwọn kan ń gbà á pọ̀ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé, àwọn mìíràn ń gba ti ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, má béèrè pé ẹ̀yà ìwádìí wo ló lókìkí. Béèrè pé irú ẹ̀rí wo ni olùkọ́ yìí máa ń gbà kó tó sọ pé òun ti mọ nǹkan.

Jẹ́ kí n fi lẹ́tà kan ṣoṣo hàn ọ́: ẹ́, èyí tó wà nínú orúkọ Fẹ́mi. Lójú èmi àti ìwọ, lẹ́tà kan ni. Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Àfi kí a tò ó. A lè mú ẹ ká fi àmì ohùn lé e lórí. A lè mú é ká fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. A sì lè mú e lásán, ká wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà lójú, àmọ́ nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ kò dọ́gba. Ká ní akọ̀wé kan nílé ìwòsàn fi fóònù kọ Fẹ́mi sílẹ̀ lánàá, tí ẹnìkejì rẹ̀ wá fi kọ̀ǹpútà wá Fẹ́mi lónìí. Ẹ̀rọ lè dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣí fáìlì tuntun fún aláìsàn náà, àkọsílẹ̀ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà á sì kù sínú fáìlì àná.

Unicode fúnra rẹ̀ ti ṣètò bí a ṣe lè sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Normalization ni wọ́n ń pè é, kò sì ju ìlà kan tàbí méjì lọ nínú ètò, ìyẹn ìtọ́ni tí a kọ fún kọ̀ǹpútà. Bí ó bá mọ síbẹ̀, àtúnṣe ni, kì í ṣe ìwádìí. Ọ̀pọ̀ project tí mo ń rí ni kò kọjá ibẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí ọmọ tó ṣe é ní làákàyè tó lè gbé e síwájú. Ibi tí àtúnṣe tó wà nílẹ̀ bá tán sí ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fi àmì kankan sí orúkọ wọn, Femi ni wọ́n ń kọ. Àwọn mìíràn ń kọ Fẹmi. Akọ̀wé tó ń kánjú lè tẹ Fmei. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni?

Gbé ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ onípátákó yẹn. Ohun tí yóò fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń wọn ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ní 1965, Vladimir Levenshtein, ará Rọ́ṣíà, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀: ka iye lẹ́tà tí o máa yọ, tí o máa fi kún un, tàbí tí o máa pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó di èkejì. Láti Kemi dé Femi, ìgbésẹ̀ kan ni. Láti Kemi dé Remi, ìgbésẹ̀ kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà tí gbogbo wa fi ń ṣírò rẹ̀ ni ká ya àpótí-àpótí: bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní lẹ́tà 1,000, àpótí 1,000,000 la máa kún. Ǹjẹ́ a lè ṣe é kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa? Ní 2015, àwọn onímọ̀ méjì fi hàn pé bí ẹnikẹ́ni bá rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àbá ńlá kan tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà gbọ́ nípa ìṣirò tó le ti wó nìyẹn. Wo ohun tí wọ́n ṣe: wọn kò kọ́ ẹ̀rọ kankan. Ìdí tó fi jọ pé ọ̀nà kan ti dí ni wọ́n fi hàn, ìmọ̀ sì ni. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1936. Ó fi hàn pé kò sí ètò kan tó lè wo gbogbo ètò mìíràn kó sọ, láìṣìnà, èyí tó máa parí iṣẹ́ àti èyí tí kò ní parí láéláé. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tí ìwọ mọ̀ lónìí nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí tábìlì olùkọ́ rẹ fi lè ṣófo.

Àwọn tó ń bá èdè ṣiṣẹ́ yóò gba ibòmíràn wọlé. Bí ẹnì kan bá tẹ "igba" láìsí àmì, ṣé igba tó jẹ́ ogún mẹ́wàá ni, àbí igbá tí a fi ń mu omi, àbí ìgbà, àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ìwọ á ti mọ̀ látinú gbólóhùn tó kù. Ẹ̀rọ nílò àpẹẹrẹ rẹpẹtẹ tí ènìyàn ti fi àmì sí dáadáa kó tó lè mọ̀. Àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ka Yorùbá sókè, àti bó ṣe lè sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Má fojú kéré èyí kejì. Kọ 45 sílẹ̀. Márùndínláàádọ́ta ni: márùn-ún dín nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ìsọdipúpọ̀ kan, ìyọkúrò méjì, fún nọ́ńbà tí ọmọdé ń pè láìronú. Bí o bá fẹ́ràn èdè, ibẹ̀ dùn púpọ̀.

Ní ti oko kòkó, ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kó lè dá èso tó ní àrùn mọ̀. Àrùn tó ń mú kí èso kòkó dúdú kó sì jẹrà máa ń pọ̀ nígbà òjò. Nítorí náà, ó rọrùn kí gbogbo fọ́tò èso tó ṣàìsàn jẹ́ èyí tí a yà nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, kí gbogbo ti èso tó dá ṣáṣá sì jẹ́ èyí tí a yà nínú oòrùn. Ẹ̀rọ á gba máàkì tó ga lórí tábìlì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìkùukùu ló ń dá mọ̀. Gbé e dé oko mìíràn lọ́sàn-án gangan, ó tán. Ìwádìí tòótọ́ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí o gbà kó àpẹẹrẹ jọ, àti pé èyí tí o fi dán ẹ̀rọ wò kò sí lára èyí tí o fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti fún ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè ìdánwò kó tó wọlé.

Olùkọ́ tó ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà, bóyá láti ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, ènìyàn ni ẹ̀rí tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ìyá kan fi ń gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀ kó bá òun fi owó ránṣẹ́, níbi tó ti ń ṣì í tẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú irú iṣẹ́ yìí pé kò ní ìṣirò. Èmi kò bá wọn dá sí i. Ó le láti tẹ́tí sílẹ̀ láìti ọ̀rọ̀ bọ ènìyàn lẹ́nu. Àwọn mìíràn tún wà tó ń kọ́ bí àkọsílẹ̀ kò ṣe ní bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì, àwọn tó ń ṣe nẹ́tíwọ̀kì, àwọn tó ń ṣọ́ àṣírí. Kíkọ́ àti wíwọ̀n ni ẹ̀rí tiwọn: ṣe é, dán an wò léraléra, kọ ohun tí aago sọ sílẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ la wà, nítorí náà o máa gbọ́ nípa Ifá. Òótọ́ ni pé ipò mẹ́jọ ló wà lára odù, ẹyọ kan tàbí méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ odù 256, iye kan náà tí báìtì kan, ìyẹn ẹyọ àkọsílẹ̀ oní-ipò mẹ́jọ, lè gbà nínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń wú mi lórí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ fi ṣe project, wá ìbéèrè tí a lè rí ìdáhùn sí. Pé nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba kò tíì di ìbéèrè.

Èwo ni kí o mú, wàyí o? Nígbà tí èmi ń ṣe oyè kejì, mo mú kókó tó dùn létí, àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀, n kò rí ojú ewé kan gbà. Mo pààrọ̀ kókó, mo sì fi ọdún kan gbáko kún ọdún mi. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ máa ti wá àti ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Bí ó bá kan aláìsàn, bí àpẹẹrẹ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, tètè béèrè. Bí ó bá jẹ́ ti pátákó, kò sẹ́ni tó máa tì ọ́ mọ́ta, àmọ́ ṣé o lè jókòó ti ìbéèrè kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí ojútùú, kí o sì tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé? Bí ó bá jẹ́ ti ọjà, ṣé o máa ń sú àwọn àgbà bí o bá ń bi wọ́n ní ìbéèrè, àbí wọ́n máa ń fẹ́ kí o jókòó?

Láti inú bí o ṣe kọ̀wé, ó jọ pé oko kòkó ló ń pè ọ́. Padà lọ bá olùkọ́ náà. Sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí o rí iṣẹ́ àṣekágbá méjì tí wọ́n ti bójú tó, kí o sì kà wọ́n tán. Lẹ́yìn náà, béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ọjọ́, aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí wà lára àkọsílẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn ọ́, bá wọn lọ sí oko náà.