Èdè tí mo ṣẹ̀dá dà bí Yorùbá tí wọ́n rẹ láró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń ṣẹ̀dá èdè fún àwọn apẹja erékùṣù kan tí mo fọkàn yàwòrán sínú ọ̀sà. Mo ti ní 400 ọ̀rọ̀, àmọ́ Yorùbá tí wọ́n rẹ láró ló jọ. Mo ń da ọ̀rọ̀ rú níhìn-ín lọ́hùn-ún kó lè jọ èdè àdáyébá, kò gbà. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ má da ọ̀rọ̀ rú mọ́. Ségesège inú èdè àdáyébá máa ń nídìí. "Ní" àti "ilé" di "nílé", "ní" àti "owó" di "lówó": n ló ń di l níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyá èdè, ìyẹn èdè àtijọ́ tí èdè erékùṣù náà ti jáde: 200 ọ̀rọ̀, kọ́ńsónáǹtì 12, fáwẹ̀lì 5. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òfin ìyípadà ìró bíi 5 tàbí 7 kan gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láìdá ọ̀kan sí. Báyìí ni Tolkien, òǹkọ̀wé The Lord of the Rings, ṣe fa Quenya àti Sindarin, èdè méjì tó ṣẹ̀dá, yọ lára ìyá kan.

Ẹ fún òfin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, torí èyí tó ṣáájú ló ń pinnu ohun tí yóò jáde. Ká ní "meki" ni ẹja, "mekila" ni àwọn ẹja. Òfin kan: k láàárín fáwẹ̀lì méjì di g. Òfin kejì: i ìparí ọ̀rọ̀ já dànù. Bí ti g bá ṣáájú, ẹ ó rí "meg" àti "megila". Bí ti i bá ṣáájú, "meki" á ti di "mek", kò ní fáwẹ̀lì lẹ́yìn k mọ́, òfin g ò lè mú un. "Mekila" nìkan ló máa di "megila". Mek, megila! Ọmọ erékùṣù yẹn ò ní mọ ìdí ẹ̀, á kàn máa sọ ọ́ ni.

Ní ti Yorùbá tí wọ́n rẹ láró yẹn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló fà á. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan. À ń jẹ ẹ̀bà, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè. Kò pọn dandan kí apẹja yín lo ọ̀rọ̀ kan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bóyá ńṣe ni wọ́n ń rì sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò náà, bí a ṣe gba "albasa" lọ́wọ́ Hausa tó di "àlùbọ́sà" lẹ́nu wa, torí a kì í to l mọ́ b. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ àyálò yìí dé lẹ́yìn òfin g, kí k inú rẹ̀ lè wà bó ṣe wà.