"für" tó ń di "fÃ¼r" nínú de.po: ẹ wo báìtì kí ẹ tó yí ohunkóhun padà

Ẹ kú wàhálà o. Ẹ ní ẹ ti fi iconv (irinṣẹ́ tó ń yí fáìlì láti ìlànà ìkọ lẹ́tà kan sí òmíràn) yí de.po yín, fáìlì ìtumọ̀ Jámánì ti áàpù yín, sí ìlànà UTF-8, síbẹ̀ "fÃ¼r" ló ń jáde dípò "für", ẹnìkan sì ní kí ẹ ṣáà tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Nínú àwọn fáìlì èdè Jámánì tí wọ́n ti gbé wá bá mi, èyí tí àtúnṣe bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ fi xxd, irinṣẹ́ tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, ṣí i, kí ẹ wá ibi tí "für" wà. Tí ẹ bá rí 66 c3 bc 72, UTF-8 gidi ni, kò sí nǹkan tó ṣe báìtì yín. Orí fáìlì ló ń purọ́. Báìtì nìkan ni iconv ń yí, kì í fọwọ́ kan ìlà Content-Type tó wà lókè .po. Tí charset=ISO-8859-1 (ìlànà àtijọ́ tí wọ́n tún ń pè ní Latin-1) bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di UTF-8, kí ẹ tún fi msgfmt sọ .po náà di .mo tí áàpù ń kà. Ibẹ̀ ni mo fura sí. Ìdí nìyí tí msgconv, irinṣẹ́ gettext fún fáìlì .po, fi tẹ́ mi lọ́rùn jù: ó ń yí báìtì, ó sì ń tún orí fáìlì kọ pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 66 c3 83 c2 bc 72, wọ́n ti yí i lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹ fi iconv dá a padà, láti UTF-8 sí ISO-8859-1. Bó bá kọ̀, tó dúró síbi tí ß wà, ẹ lo WINDOWS-1252, ìlànà Windows tó jọ Latin-1, dípò rẹ̀. Ef bf bd ńkọ́? ü ti lọ pátápátá, inú ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì náà, bí èyí tó wà nínú git, nìkan lẹ ti lè rí i.

Èyí tó fi ojú mi rí màbo ni àmì àyọlò wọn, „ “. Gbogbo lẹ́tà Jámánì tí wọ́n sábà ń lò ló wà nínú Latin-1 (àwa tí a ń kọ ẹ, ọ àti ṣ ò rí tiwa níbẹ̀ rárá), ìyẹn ló jẹ́ kí fáìlì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n orí Windows ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú wọn. Ä, ö, ü àti ß ní báìtì kan náà nínú Windows-1252 àti Latin-1, nítorí náà ẹ ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Àmì àyọlò ò sí nínú Latin-1 ní tirẹ̀. 84 àti 93 ni nínú Windows-1252. Tí ẹ bá pè é ní Latin-1, yóò di àmì tí ojú kì í rí, ẹni tó ń lo áàpù ni yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ti pòórá. Fáìlì tí ü rẹ̀ jẹ́ fc, tí 84 sì wà nínú rẹ̀, WINDOWS-1252 ni kí ẹ kọ tẹ̀ lé -f nínú àṣẹ iconv.

Ẹ lẹ ohun tí xxd sọ nípa ìlà kan tó ní ß síbí, pẹ̀lú ìlà Content-Type yín, kí n bá yín wò ó.