Géèmù tó ń kú, àti ọjọ́ 14 tí gbogbo ènìyàn ń pariwo

Ìbéèrè: Mo ra géèmù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti dé ìpele kẹta, ṣe ló máa ń kú. Ẹni tó tà á ní mo ti fọwọ́ sí i pé owó kò ní padà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní òfin Yúróòpù, níbi tí mò ń gbé, fún mi ní ọjọ́ 14, kí n ní kí báńkì gba owó náà padà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó tà á náà ò sì sọ òótọ́.

Ẹ̀tọ́ méjì lẹ̀ ń pò pọ̀. Ọjọ́ 14 jẹ́ ti ẹni tó yí ọkàn padà, kódà bí nǹkan kan ò ṣe ọjà náà. Òfin ọdún 2011 ló fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ohun tí à ń dáńlóòdù, ó ti parí bí ẹ bá ti gbà kí wọ́n fún yín lójú ẹsẹ̀, tí ẹ sì gbà pé ẹ ti pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Àpótí kékeré tí ẹ máàkì kí ẹ tó sanwó, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ kejì jẹ́ ti ọjà tó lábùkù. Àpótí kankan ò lè gbà á lọ́wọ́ yín! Láti January 1, 2022 ni òfin tuntun ti ń ṣiṣẹ́: bí àbùkù bá yọjú láàárín ọdún kan, ẹni tó tà á ló máa fi hàn pé ọjà òun dára nígbà tó fi lé yín lọ́wọ́, àyàfi tí kọ̀ǹpútà yín ò bá tó ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe ló ṣáájú. Bí kò bá tún un ṣe láàárín àkókò tó bójú mu, ẹ lè ní kó dín owó rẹ̀ kù tàbí kẹ́ ẹ fagi lé e. Bí ẹ bá fagi lé e, owó gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 14, ọ̀nà tó gbà wọlé ni yóò sì gbà jáde. Kì í ṣe owó inú ṣọ́ọ̀bù wọn, àfi tẹ́ ẹ bá gbà. Ọ̀rọ̀ “owó kò ní padà” yìí ti kó bá ẹni ńlá: ní 2016, ilé ẹjọ́ Australia bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 dọ́là ilẹ̀ wọn lé Valve, iléeṣẹ́ tó ni Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó gba owó yín ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹni tó ṣe géèmù náà. Ẹ kọ nọ́ńbà rìsíìtì, ẹ̀yà géèmù náà, irú kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán (graphics card) tẹ́ ẹ ń lò, ibi tó ti ń kú gan-an, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà sí i. Ẹ ní kó tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ Steam lẹ ti rà á, ẹ kọ́kọ́ wo ìlànà tiwọn: láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tẹ́ ẹ rà á, bí ẹ ò bá tíì lò ó tó wákàtí 2, wọ́n máa ń dá owó padà láìbèèrè ìdí. Aago yẹn ń kà níwọ̀n ìgbà tí géèmù bá ṣí sílẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ètò rẹ̀ lásán lẹ̀ ń tún ṣe. Ẹ tì í. Kóòdù géèmù tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, tí kì í ṣe lọ́dọ̀ Steam, kò sí nínú ìlànà yìí.

Ní ti báńkì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í ṣe ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń ti àkáǹtì ẹni tó bá fi tipá gba owó padà, gbogbo géèmù tó wà níbẹ̀ a sì bá a lọ, torí láísẹ́ǹsì lásán, ìyẹn àṣẹ láti lò ó, lẹ rà. Bẹ́ ẹ bá máa débẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ rà á. Irọ́ nìyẹn, ó sì lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.