Àyẹ̀wò Táyà àti Bíréèkì Kí Ẹ Tó Lọ fún Ìdánwò Alùpùpù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo gun ọ̀kadà pẹ́ ní Abẹ́òkúta kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti yege ní ìpele kìíní ìdánwò alùpùpù tí ìjọba ń ṣe níhìn-ín, ìpele kejì tí a ó gùn lójú pópó ló kù. Wọ́n ní olùdánwò máa ń bèèrè nípa táyà àti bíréèkì kí a tó gbéra. Kí ni ó fẹ́ gbọ́ gan-an?
Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan láti nǹkan bíi mítà 20, wọn yóò bi yín ní ìbéèrè méjì nípa ìtọ́jú alùpùpù. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan tàbí méjèèjì, àṣìṣe kékeré kan ṣoṣo ni wọn yóò kọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní ti táyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i bí ẹ ti ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ ya, kò gbọ́dọ̀ wú, àti pé jíjìn ìlà ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mílímítà 1 lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀, yíká táyà náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ. Rárá o, ibi tí agbára táyà mọ nìyẹn. Iye tí ó tọ́ wà nínú ìwé alùpùpù náà. Géèjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n kí táyà tó gbóná, nítorí pé àtàǹpàkò tí a máa ń tẹ̀ mọ́ táyà nílé kò lè sọ òótọ́.

Bíréèkì iwájú ló ṣeé ṣe kó ṣàjèjì sí yín, nítorí wáyà ló ń fa bíréèkì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà nílé, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ náà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ìdánwò níhìn-ín. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, kí ẹ wo ike kékeré tó wà lápá ọ̀tún ọwọ́ ìdarí, bóyá ọ́ìlì wà láàárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe kí a kàn bu òmíràn sí i, torí ó lè jẹ́ pé páàdì ti jẹ tán tàbí pé ibì kan ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ ti alùpùpù síwájú díẹ̀, kí ẹ fún bíréèkì: ó gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ bíréèkì kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ bíi kànrìnkàn.

Iná ẹ̀yìn náà ń kọ́? Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó láti rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ti ń fún bíréèkì. Ẹ dán ti ọwọ́ wò, kí ẹ sì dán ti ẹsẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí swíìṣì tiwọn yàtọ̀ síra.