Ẹ má dáná sun ìwé yẹn

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè láti Ìgbógbó, n'Ìkòròdú, bóyá kí wọ́n sun ìwé bàbá wọn tí wọ́n tì mọ́lé láyé ológun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa ti 1999, tó wádìí ìyà tí wọ́n fi jẹ aráàlú láyé ológun, gba ẹ̀sùn tó lé ní 10,000, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ní gbangba, ìjọba ò sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ ò lágbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lẹ máa wò báyìí, bí irú èyí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí l'Ékòó lẹ́yìn EndSARS. Ẹ wo ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, náà: oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí kóòtù àkànṣe fún ìwà ìkà ayé Yahya Jammeh, ààrẹ Gambia tẹ́lẹ̀.

Àìsí déètì ló máa ń ba ẹ̀sùn jẹ́ ju irọ́ lọ. "Wọ́n mú un láyé Abacha" ò tó. Nínú ìwé ẹ̀sùn yín, ẹ kọ oṣù, ọdún, bárékè tàbí tésàn, aṣọ tí àwọn tó mú un wọ̀, ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bẹ́ ẹ ò bá rántí ọjọ́ náà, ẹ má hùmọ̀ ọ̀kan. Ẹ kọ "bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá". Lọ́yà ìjọba lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ò bára mu tú gbogbo ẹ̀ ká.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ níṣojú ẹ̀, kó lọ búra ní kóòtù gíga Ìkòròdú nísinsìnyí, torí àgbà ń lọ. Ohun tó fojú ara ẹ̀ rí nìkan ni kó sọ. Ti "wọ́n ní" ò wúlò.

Ẹ má lámínéètì ojúlówó ìwé o! Ẹni tó fẹ́ yẹ yíǹkì tàbí òǹtẹ̀ wò ò ní lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé ìbátan tí ò gbé Ìkòròdú, nítorí ikán àti òjò. Bẹ́ ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí lẹ́tà á fi ṣú.

Ìwé àtijọ́ wúlò: ìwé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Hissène Habré, ààrẹ Chad tẹ́lẹ̀, tí wọ́n rí ní N'Djamena, olú ìlú Chad, ní 2001 wà lára ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ní Dakar ní 2016, ó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè.

Owó? Ẹ má gbọ́kàn lé e. Ṣùgbọ́n lójú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé ẹ̀sùn yín, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ gan-an: owó ìfẹ̀yìntì, ìwé àforíjì, tàbí kí wọ́n pa ẹ̀sùn rẹ́ kúrò lórúkọ bàbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ìgbìmọ̀ kì í sì í sábà fúnni lóhun tá ò béèrè.