Ògiri tí mọ́tò ń sá gùn: ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, awọnlẹ̀. Kakuri ní Kàdúná ni mo ń gbé, ìdí iṣẹ́ títo Peugeot ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́ ni mo ti ń rí àwòrán mọ́tò àtijọ́ tó ń sáré lórí ògiri kankéré tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé irú ibẹ̀ ṣì wà? Èwo ni mo lè dé láìnáwó púpọ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè fi fóònù wá a kí n tó kúrò nílé, kí n má lọ débẹ̀ lọ bá ṣọ́ọ̀bù?

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín: ẹ máa bá ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi tí mo rò ni ẹ rí nínú àwòrán, Brooklands ni, ní Weybridge, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìsọ̀ ńláńlá ti wà níbẹ̀ báyìí, ilé wà, ọ́fíìsì wà. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn ò tíì kúrò. Èmi fúnra mi ti fọwọ́ kàn án, mo tún ti fi ìdí kàn án, ẹ máa gbọ́ ìyẹn láìpẹ́.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kó sá ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan lórí títì. Àwọn ará Faransé àti Ítálì ń fi títì ìlú wọn díje, Gẹ̀ẹ́sì ń wòran. Ọkùnrin olówó kan, Hugh Locke King, bá sọ ilẹ̀ ara rẹ̀ di pápá eré mọ́tò. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún 1907. Tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rin nǹkan bíi kìlómítà 4.4. Ó fẹ̀ tó mítà 30, bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rẹ̀. Níbi tí ògiri náà ti ga jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 9, ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní àdúgbò yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ to mọ́tò mọ ìdí tó fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù mí lọ. Mọ́tò tó bá sáré wọ kọ́nà, ìta ló ń fẹ́ yà sí. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, táyà nìkan ló ń fà á padà. Tí ilẹ̀ bá ti gbé èjìká òde sókè, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa ti mọ́tò wọnú, awakọ̀ ò sì ní dín eré kù. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kan, John Cobb, ṣe fi mọ́tò kan tó ń jẹ́ Napier-Railton yí ibẹ̀ po ní 1935 pẹ̀lú eré tó ju máìlì 143 lọ ní wákàtí kan. Kò tún sẹ́ni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ti ibẹ̀.

Àmọ́ mo mọ̀ pé ti Peugeot ló máa dùn mọ́ yín jù. Ní oṣù Kejì ọdún 1913, Percy Lambert ni ẹni àkọ́kọ́ tó rin 100 máìlì láàárín wákàtí kan ṣoṣo, Brooklands níbẹ̀ ni. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, Jules Goux gbé Peugeot wá láti Faransé, ó sì rin ju máìlì 106 lọ. Ọ̀rọ̀ náà ká Lambert lára. Ó padà lọ ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà láti gba ipò rẹ̀, eré yẹn ló sì bá kú. Tí ẹ bá dúró lórí kankéré yẹn, ẹ rántí pé mọ́tò iléeṣẹ́ yín ti kọjá níbẹ̀, ọdún méjìlélọ́gọ́ta kí Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀.

Ogun ọdún 1939 ló pa eré náà. Àwọn tó ń ṣe bààlúù ti wà nínú ọgbà yẹn tẹ́lẹ̀, Vickers àti Hawker. Nígbà tí ogun dé, bààlúù gba gbogbo ilẹ̀. Wọ́n gé ògiri sí méjì níbì kan kí ọ̀nà lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n gbin igi sórí rẹ̀ kí àwọn ará Jámánì má bàa dá a mọ̀ láti òkè. Ní 1946 wọ́n ta gbogbo rẹ̀ fún Vickers-Armstrongs, eré mọ́tò ò sì tún padà wá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ máa wọ̀ báyìí, 1991 ni wọ́n ṣí i. Owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà o. Bààlúù Concorde kan wà nínú ọgbà náà, èyí tó lè mú inú ọmọ yín dùn tí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá sú u.

Nígbà tí èmi lọ, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo rò pé kankéré náà máa dán bí ti pápákọ̀ òfuurufú. Rárá o. Abala abala ni wọ́n dà á, koríko ti hù ní gbogbo ojú oríkèé rẹ̀, ewédò bò ó níbi tí igi ti ṣíji bò ó, àwọn abala kan ga ju èkejì lọ bí eyín tó wọ́. Odò Wey ń ṣàn gba abẹ́ ibì kan kọjá, kankéré ti rì díẹ̀ níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, débi pé táyà mọ́tò máa ń kúrò nílẹ̀ tó bá débẹ̀. Mo ní kí n gun ògiri náà dókè. Ní ìsàlẹ̀, ẹ máa rò pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán ni. Tó bá yá, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa tẹ̀, ọwọ́ náà á sì fẹ́ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Bàtà ọ́fíìsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo yọ̀, mo sì fi ìdí wálẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iléèwé kan, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí ògiri yẹn fi kù nígbà tí àwọn mìíràn lọ. Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi bí mo ṣe ń ronú nípa rẹ̀. Ní Abuja níbí, wọ́n máa ń pè mí wá ààlà ilẹ̀ tí ẹnì kan ti fi katapílà gbá òkúta rẹ̀ dànù. Òkúta kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ní Gwagwa, igi máńgòrò mẹ́ta ló là mí lójú: wọ́n tò gbọọrọ, kò sì sí máńgòrò igbó tó ń tò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti jìjà lórí ilẹ̀ náà ló ti jẹ nínú èso wọn, kò sẹ́ni tó lè gé wọn. Mo fa ìlà gba ìdí wọn, ó bá ìwé ilẹ̀ mu. Bí mo ṣe ń wá pápá eré mọ́tò náà nìyẹn: mo ń wá ohun tí yíyọ rẹ̀ máa ná ẹnì kan lówó.

Ògiri kankéré tó ga tó mítà 9, ta ló fẹ́ sanwó fífọ́ rẹ̀? Títì tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sóko, ta ló máa hú u? Ṣùgbọ́n pápá koríko tó tẹ́jú láàárín ìlú, ọjọ́ kan péré ni. Ẹ wo Race Course tiwa l'Ékòó, níbi tí ẹṣin ti ń sáré. TBS ni wọ́n kọ́ sórí rẹ̀, ẹṣin funfun mẹ́rin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ló kù láti máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi méjì mìíràn wà tí owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa ná. Àkọ́kọ́ ni Crystal Palace ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Ìdíje mọ́tò ńlá wáyé níbẹ̀ títí di 1972. Títì tí wọ́n sá gbà ṣì wà láàárín igi, àwọn èèyàn ń fà ajá kọjá lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé mọ́tò ti sáré rí níbẹ̀. Èkejì ni Aintree, ẹ̀gbẹ́ Liverpool. Ó jìnnà sí Reading, ẹ má lọ tí kò bá sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún. Pápá ẹṣin ni, ní 1954 ni wọ́n wá la ọ̀nà mọ́tò sínú rẹ̀, tí àwọn òǹwòran sì ń lo àga kan náà fún ẹṣin àti mọ́tò. Awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Stirling Moss, jáwé olúborí níbẹ̀ ní 1955 nínú Mercedes. Ìdíje ńlá kẹ́yìn níbẹ̀ ní 1962. Ẹṣin ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń sanwó ilẹ̀, ìyẹn ni ọ̀nà mọ́tò náà ṣe rí ibi fara pamọ́ sí.

Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín fẹ́ rékọjá òkun, ẹ gbọ́ o: físà Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbé yín dé Faransé. Físà Schengen lọ́tọ̀ ni, àfi kí ẹ ti gbà á kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Mo mọ ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó gbọ́.

Tí ẹ bá rí físà yẹn gbà, ibi kan ṣoṣo ni mo máa ní kí ẹ lọ: Gueux, lẹ́bàá ìlú Reims. Láti Paris, ọkọ̀ ojú irin tó yára ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ dé Reims. Títì tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n ń fi díje níbẹ̀, láti 1926, onígun mẹ́ta láàárín oko ọkà. Níbẹ̀ ni Mercedes ti padà sí ìdíje ńlá ní 1954, tí awakọ̀ wọn, Fangio, sì gbé ipò kìíní. Ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Prix kẹ́yìn wáyé níbẹ̀ ní 1966, ní 1972 wọ́n pa gbogbo eré níbẹ̀ tì. Lónìí, ẹ máa wakọ̀ lọ lórí títì lásán, oko lọ́tùn-ún, oko lósì, ká tó wí ká tó fọ̀, ilé òǹwòran oníkankéré ńlá á yọ sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń dúró sí á kọjú sí i, pẹ̀lú orúkọ táyà àti epo mọ́tò tí wọ́n kùn sára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Kò sí géètì. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń tún un kùn. Ní Rouen, ní orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n wó tiwọn palẹ̀ ní 1999, títì nìkan ló kù nínú igbó. Èmi ò rò pé ẹwà ló gba ti Gueux là. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tètè dé kí katapílà tó dé ni.

Ti Jámánì àti Ítálì, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọ́n wà. AVUS ní Berlin ti di ọ̀nà márosẹ̀ pátápátá, ilé òǹwòran rẹ̀ ṣì ń wo àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ní Monza, ògiri kankéré kan wà nínú igbó ọgbà náà, ó dàgẹ̀rẹ̀ ju ti Brooklands lọ, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Casablanca ni ọkọ̀ òfuurufú yín máa gbà, ẹ wo Ain-Diab lórí máàpù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, títì etí òkun ìlú yẹn ni wọ́n fi ṣe Grand Prix Mòrókò, kìlómítà 7.6 ní ìyípo kan. Moss ló gbégbá orókè, síbẹ̀ Mike Hawthorn tó ṣe ipò kejì ló gba ife ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn awakọ̀ lọ́dún yẹn, máàkì kan péré ló fi jù ú. Awakọ̀ mìíràn, Stuart Lewis-Evans, jóná nínú eré yẹn, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Eré ńlá bẹ́ẹ̀ ò tún wáyé níbẹ̀ mọ́. Ìlú ti gbé títì náà mì, táàsì ló ń sáré níbẹ̀ báyìí.

Ó kù sí fóònù. Ẹ ṣí Google Earth, ẹ kọ Weybridge síbẹ̀, ẹ fi ìka sún wọlé. Ẹ má wá títì o, kọ́nà lẹ máa wá. Ọ̀nà ìlú máa ń lọ gbọọrọ, ó sì máa ń yà lójijì. Kọ́nà eré mọ́tò ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà láìyí ọkàn padà. Ilé ò gbọdọ̀ rú yín lójú. Ẹ máa rí ìlà igi dúdú tó tẹ̀ kọrọdọ gba ẹ̀yìn òrùlé ńláńlá àwọn ìsọ̀ wọ̀nyẹn, igi orí ògiri nìyẹn. Tó bá pòórá níbì kan, ẹ tẹ̀ lé bó ṣe ń tẹ̀ bọ̀, ẹ máa tún bá a ní òdìkejì. Lápapọ̀, ó jọ ẹyin tí ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí kò bá tíì yé yín, ilé ìkàwé ìjọba Scotland, National Library of Scotland, ní máàpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n gbé e lé orí àwòrán sátẹ́láìtì òde òní, ẹ lè mú ti àtijọ́ hàn tàbí kí ẹ pa á rẹ́ bí ẹ ti ń fa ìka. Ọmọ yín máa bá yín ṣí i.

Google Earth ní irinṣẹ́ ìdiwọ̀n kan tí àmì rẹ̀ dà bíi rúlà. Ẹ fi í tẹ àmì tọ ìlà igi náà lẹ́sẹẹsẹ títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá kà tó kìlómítà 4 àti díẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù dé Weybridge gba nǹkan bí ìdajì wákàtí.