Ìkọ́kọrẹ́ àárọ̀ fún oúnjẹ alẹ́: kí la lè ṣe lọ́jọ́ tí a bá ń ro àgbàlá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, wolé-wolé wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Ìpẹ̀rù ni mo wà nílé ọkọ. Ẹ̀yìnkùlé wa fẹ̀, Sátidé sì ni èmi àtàwọn ọmọ máa ń ro ó títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Kí n má baà tún dúró sídìí iná lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń se ìkọ́kọrẹ́ láàárọ̀ kùtù, màá dé e, màá gbé e sórí tábìlì di alẹ́. Inú ti run àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá ọkọ mi ní ìkọ́kọrẹ́ kọ́, pé ìkọ́kọrẹ́ tó sùn ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà. Fìríìjì wà, àmọ́ iná mànàmáná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ni kí n máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ tulẹ̀ láti àárọ̀ mọ ìdí tí ẹ fi ń wá oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ kò ṣẹ̀, ìyá ọkọ yín náà kò parọ́. Ibi tí oúnjẹ yẹn ti lo ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ wà.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ewùrà, iṣu, kókò àti ìrẹsì wọlé. Bí oúnjẹ bá hó, kòkòrò yìí á kú, àmọ́ ó máa ń fi ohun líle kan sílẹ̀ bí irúgbìn, tí omi híhó kì í sábà rí pa. Nígbà tí oúnjẹ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, irúgbìn yẹn á hù, á sì máa bí sí i. Òmíràn ni Clostridium perfringens: ẹran àti ọbẹ̀ inú ìkòkò ńlá ló fẹ́ràn, pàápàá àárín ìkòkò níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Bí oúnjẹ kò bá gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kò sì tutù tó ìwọ̀n 5, ààyè gbà wọ́n nìyẹn. Ọ̀sán wa ní Rẹ́mọ níbí, tó sábà máa ń tó 30, àárín méjèèjì ló bọ́ sí.

Ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ tún ki. Ohun tó bá ki máa ń di ooru mú pẹ́. Ẹ ṣí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ sè ní aago méje àárọ̀ wò ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ ó rí i tí abẹ́ ìdérí ń kán omi sórí oúnjẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò á ti tutù lọ́wọ́, àmọ́ bí ẹ bá ki ṣíbí bọ àárín, ẹ ó bá a pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Tiyín ń lò tó wákàtí 11 tàbí 12.

Ọ̀pọ̀ á ní, “Màá tún un gbé kaná lálẹ́, ó parí.” Kò parí o. Májèlé tí Bacillus cereus máa ń tú sínú oúnjẹ, èyí tó ń mú èèyàn bì, iná kò rí i ṣe. Ẹ lè se ìkòkò náà títí á fi hó, kòkòrò á kú, májèlé rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Kò sì ní í rùn, kò ní í kan, kò ní í yọ fùnfùn. Nítorí náà, ẹ má fi imú ṣe adájọ́ oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó dunni, pẹ̀lú iye tí ẹja yíyan ń lọ lọ́jà báyìí.

Ìkọ́kọrẹ́ àná tí ìyá ọkọ yín ń sọ yàtọ̀ díẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń sè é, ilé kún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á tán ní gbígbóná. Ìyókù díẹ̀ ló ń sùn, nínú àwo, ní òru tí kò móoru tó ọ̀sán, wọ́n á sì fi jẹ ẹ̀bà tutù láàárọ̀ kí wọ́n tó gba oko lọ. Èmi náà mọ adùn rẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní sọ fún yín pé kò léwu: níbi tí fìríìjì kò bá ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, n kì í gbà pé kí a fún ọmọ kékeré, aláboyún tàbí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le. Bí iná bá wà, ẹ pín in sínú àwo pẹrẹsẹ, kó má ga ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, ẹ gbé àwo náà sínú omi tútù kí ooru rẹ̀ tètè lọ, kí ẹ tó gbé e sí fìríìjì láàárín wákàtí 2 yẹn. Ìkòkò ńlá tí a gbé wọ fìríìjì tòun ti ooru rẹ̀, àárín rẹ̀ kì í tutù bọ̀rọ̀.

Ní báyìí, ti Sátidé yín. Ohun gbígbẹ ni kí ẹ ṣe sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohun tútù dúró di ìrọ̀lẹ́. Lálẹ́ Ẹtì, ẹ yọ egungun ẹja yíyan, ẹ lọ edé, kí ẹ dé wọn sínú ohun tí eku kò lè ṣí. Ẹ fọ ewùrà, kí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, àmọ́ ẹ má bó o, ẹ má sì rin ín sílẹ̀, torí yóò dúdú. Nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú 45 tí ẹ ó ṣíwọ́, kí ọmọ kan tó ti gbọ́njú wọlé lọ wẹ̀, kó gbé ata àti epo kaná. Ẹlòmíràn á rin ewùrà, á fi iyọ̀ díẹ̀ lù ú. Bí ọbẹ̀ bá ti ń hó, ẹ máa gé ewùrà sí i ní kókó-kókó, ẹ dé e, kí iná rọlẹ̀, kó tó bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fi orógùn yí i pẹ̀lẹ́. Kò gba àkókò tó bí ó ṣe ń rí lójú ẹni tó ti rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ tó ti jinná pátá ni ẹ fẹ́ bá nílé, ebìrìpò àwọn ará ilé ọkọ yín ni mo fara mọ́ jù. Ẹ rin kókò, ẹ fi ata àti iyọ̀ sí i, ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran, ẹ sè é fún nǹkan bíi wákàtí kan kó jinná dénú, torí kókò tí kò jinná máa ń yún ọ̀fun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkòkò náà sílẹ̀ lórí ẹ̀yinná pẹ̀lú omi gbígbóná nínú rẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ máa yà wò ó. Bí ọwọ́ yín bá lè di ìdì kan mú pẹ́, ó ti tutù jù nìyẹn, ẹ koná sí i. Oúnjẹ tó gbóná kọjá 60 ní gbogbo ọ̀sán kò fún irú kòkòrò wọ̀nyí láyè. Ní ọ̀sán gangan, ẹ mu gàrí Ìjẹ̀bú. Ó gbẹ, ó kan, kòkòrò kì í rí ara rẹ̀ gbé ṣe bí a bá dé e dáadáa.

Ẹ tún wo ọwọ́ tí a fi ń sè é. Ọwọ́ tó ti di ọkọ́ mú látàárọ̀ kún fún erùpẹ̀, abẹ́ èékánná ni ó sì ń sá sí. Ọṣẹ ni, kì í ṣe omi lásán. Ẹni tí àdá gé, tàbí tí roro bẹ́ sí lọ́wọ́, kó má rin ewùrà lọ́jọ́ náà, torí kòkòrò tó ń gbé inú egbò náà ní májèlé tí iná kì í pa. Bí ẹ bá sì ti ń ro ilẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Igbó tó bá fara kan ògiri ilé ìdáná ni eku ń gbà wọlé, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan sì ni ibà Lassa máa ń gbà ràn wá. Agolo àti táyà tó gba omi, ẹ dojú wọn dé: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn nínú wọn.

Bí inú bá tún run ọmọ, tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́, ẹ má dúró wo ohun tó fà á. Ẹ fún un ní ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò rẹ̀. Bí kò bá sí, omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga lójú. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan kan dúró nínú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.